Gíráàmù áìsìkiriìmù kì í ṣe mílílítà o, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú ewé oúnjẹ ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí tí mo bá ti ra ìwé ìròyìn yín, ti òṣèlú a dúró ná. Ibẹ̀ náà ni mo ti rí ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà yìí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ẹ kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì áìsìkiriìmù, ẹ wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kéèyàn wá áìsìkiriìmù "gíráàmù 500, ìyẹn mílílítà 500". Ìyẹn kẹ̀? Ta ló sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni?

Ẹ má bínú pé mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí inú ń bí, inú ń bí mi díẹ̀ lóòótọ́, torí mo tẹ̀lé ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn ni láìyẹsẹ̀. Mo ní ike áìsìkiriìmù kan nínú fírísà, wọ́n kọ mílílítà 500 sí i lára gàdàgbà. Mo ní ó ti parí nìyẹn, odindi ike kan ni kéèkì yìí máa gbà. Àmọ́ èmi kì í fojú díwọ̀n nǹkan, gbogbo ẹ̀ ni mo máa ń gbé sórí síkéèlì, ni mo bá gbé abọ́ kan sórí ẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì kó padà sí òdo, mo wá ń fi ṣíbí kó áìsìkiriìmù yẹn sínú abọ́ títí ike fi mọ́ fónífóní. Mo wo síkéèlì, ó ní 270. Háà! Mo gbé abọ́ kúrò, mo tún gbé e padà, 270 náà ni. Mo yọ bátìrì, mo fi òmíràn sí i, 270 ò yẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé wọ́n ti rẹ́ mi jẹ, pé ìdajì ike ni wọ́n rọ fún mi. Ṣùgbọ́n ike yẹn kún nígbà tí mo ṣí i, ojú mi ló ṣe, ó kún dé ẹnu.

Mo wá ní kí n dán síkéèlì fúnra ẹ̀ wò. Omi ni ẹlẹ́rìí tó dára jù nínú ọ̀rọ̀ báyìí, torí mílílítà omi kan, gíráàmù kan ni, ìyàtọ̀ tí gbígbóná tàbí títutù ń mú bá a ò tó nǹkan téèyàn ń rò nínú kíṣìnì. Mo wọn omi mílílítà 250 nínú kọ́ọ̀bù ìwọ̀n, mo dà á sínú abọ́, síkéèlì ní 250. Ara síkéèlì le koko. Áìsìkiriìmù ló ní tiẹ̀ lọ́wọ́.

Èmi tí mo gbọ́n jù wá ní ìwé ìròyìn ṣáà sọ pé gíráàmù 500, mo ní kí wọ́n bá mi ra ike kejì irú ẹ̀ wá, mo bù ú mọ́ ọn títí síkéèlì fi pé 500 géérégé. Ẹ ẹ̀ ní gbàgbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Páànù kéèkì tẹ́ ẹ ní ká lò yẹn kún kí n tó da gbogbo ẹ̀ tán, mi ò sì tíì gbé kéèkì tó yẹ kó bò ó lórí sí i. Mo fi agídí tẹ̀ ẹ́, mo gbé e sínú fírísà, nígbà tí mo fi máa padà dé ó ti ṣàn kọjá etí páànù, ó ti dì mọ́ ilẹ̀ fírísà bí òógùn igi. Ọ̀bẹ ni mo fi ha á kúrò.

Ohun tó fa gbogbo wàhálà yìí ni afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ gidi o, èyí tá à ń mí símú yìí. Àwọn tó ń ṣe áìsìkiriìmù á po mílíìkì, kiriìmù, ṣúgà àti ohun tó máa fún un ládùn pọ̀, á máa ṣàn, wọ́n á wá dà á sínú ẹ̀rọ tó tutù rinrin. Bí ẹ̀rọ yẹn ṣe ń mú un dì ni irin inú ẹ̀ ń yí, tó ń rò ó, tó ń ha á kúrò lára ògiri ẹ̀rọ, tí afẹ́fẹ́ sì ń kó wọ inú ẹ̀ ní róbótó-róbótó tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí. Afẹ́fẹ́ tó wọlé yìí ni wọ́n ń pè ní overrun, pásẹ́ńtì ni wọ́n sì fi ń kà á. Tí wọ́n bá ní overrun 100, ìyẹn ni pé lítà kan ló wọ ẹ̀rọ, lítà méjì ló jáde, ìdajì ohun tẹ́ ẹ rà sínú ike, afẹ́fẹ́ ni. Kí ẹ má sì rò pé jìbìtì ni gbogbo ẹ̀ o, torí tí ò bá sí afẹ́fẹ́ yẹn, bíi yìnyín tó le gbagidi ló máa rí, ṣíbí ò ní wọ̀ ọ́, eyín á sì máa ro èèyàn. Afẹ́fẹ́ ló jẹ́ kó rọ̀. Àmọ́ odindi lítà afẹ́fẹ́ kan ò ju gíráàmù kan àti díẹ̀ lọ. Ó ń kún ike, kò lè tẹ síkéèlì.

Àdàpọ̀ yẹn fúnra ẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tó wọ̀ ọ́, ó tiẹ̀ wúwo ju omi lọ díẹ̀, torí ṣúgà àti àwọn èròjà mílíìkì tó ti yọ́ sínú ẹ̀, lítà kan ẹ̀ á sún mọ́ kílò kan àti gíráàmù 100. Ẹ wá fi afẹ́fẹ́ sọ lítà kan yẹn di méjì. Ìwúwo ò yí padà, ó kàn tàn ká inú lítà méjì ni, lítà kọ̀ọ̀kan á wá máa wọn bíi gíráàmù 550 tàbí kó dín díẹ̀. Ẹ pín ìyẹn sí méjì, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ 270 mi nìyẹn.

Nígbà tí mo ti wá mọ èyí, ara mi ò gbà á mọ́. Mo ra ike mìíràn, mílílítà 500 náà, àmọ́ irú èyí tó ki dáadáa, tí ṣíbí máa ń jà kó tó wọ̀ ọ́. Síkéèlì ní 450! Ike méjì, gíga kan náà, fífẹ̀ kan náà, nọ́ńbà kan náà lára wọn, ọ̀kan fi gíráàmù 180 ju èkejì lọ. Overrun ti èyí tó ki yẹn ò lè ju nǹkan bíi 20 sí 25 lọ. Mo tún wá ṣe ohun tí àwọn ará ilé mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ di òní. Mo bu èyí tó ṣẹ́kù lára ti àkọ́kọ́ sínú gíláàsì kékeré kan, mo bu èyí tó ki sínú ìkejì ẹ̀, mo jẹ́ kí wọ́n kún dọ́gba, mo fi wọ́n sílẹ̀ lórí tábìlì di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Èyí tó ki lọ sílẹ̀ díẹ̀, kò tó nǹkan. Èyí tó fúyẹ́, fóòmù ló bò ó lórí bíi ti ọṣẹ, nígbà tí mo wá fi ṣíbí tẹ fóòmù yẹn títí tó fi rẹ́, ohun tó kù sí ìsàlẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì gíláàsì lọ. Ó dùn náà o, àmọ́ ìdajì gíláàsì ni.

Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé kéèyàn jẹ́ kó yọ́ kó lè rọrùn láti wọ̀n nínú kọ́ọ̀bù, ẹ ṣíwọ́. Tó bá ti yọ́, afẹ́fẹ́ ti sá lọ nìyẹn, tẹ́ ẹ bá sì dá a padà sínú fírísà, afẹ́fẹ́ ò ní padà wálé, ohun tó máa dì fún yín á le bí òkúta. Kẹ́ ẹ kó o sínú kọ́ọ̀bù bó ṣe wà ní dídì náà ní tiẹ̀, àlàfo á máa wà láàárín bọ́ọ̀lù kan sí òmíràn, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ á rí tó pọ̀, ẹni tí ò tẹ̀ ẹ́ á rí díẹ̀, kọ́ọ̀bù kan náà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Síkéèlì nìkan ni kì í ṣe ojúsàájú.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí 500 yín. Tó bá jẹ́ mílílítà 500 ni ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn, gíráàmù 270 ni ẹni tó lo èyí tó fúyẹ́ máa rí, ẹni tó lo èyí tó ki á rí 450. Tó bá sì jẹ́ gíráàmù 500 ló ní lọ́kàn, ẹni àkọ́kọ́ máa nílò mílílítà bíi 925, ó kù díẹ̀ kó pé lítà, ẹnì kejì máa nílò bíi 555. Láti 500 dé 925! Páànù wo ló fẹ́ gba ìyẹn?

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí n lọ wo íntánẹ́ẹ̀tì, pé ibi tí wọ́n ti ń yí gíráàmù sí mílílítà pọ̀ níbẹ̀ bí ewé. Mo ti lọ. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń jù síni, wọ́n á ní kọ́ọ̀bù áìsìkiriìmù kan jẹ́ gíráàmù báyìí-báyìí, wọn ò ní sọ pé áìsìkiriìmù wo. Ti omi, nọ́ńbà kan tó. Ti òróró, nọ́ńbà kan á tó lọ́nà kan ṣá. Ti áìsìkiriìmù, bí ẹni ń béèrè pé báwo ni àpò ṣe wúwo tó ni, láìsọ bóyá òwú ló wà nínú ẹ̀ tàbí irin. Kódà ike méjì láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan náà lè máà dọ́gba, èyí tí wọ́n da ẹ̀pà tàbí ṣokoléètì wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀ ò lè wúwo bákan náà pẹ̀lú èyí tí kò ní nǹkan nínú.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ò le rárá. Ọ̀pọ̀ ike ló máa ń kọ méjèèjì sí ara, gíráàmù àti mílílítà, ẹ kàn yí ike yẹn po dáadáa kẹ́ ẹ wo lẹ́tà kéékèèké ẹ̀yìn. Ẹ fi mílílítà pín gíráàmù. Tó bá jẹ́ gíráàmù 270 nínú mílílítà 500, 0.54 lẹ máa rí, nọ́ńbà ike yẹn nìyẹn, ẹ fi sọ́kàn. Tí ìwé bá ní ẹ lo mílílítà 200, ẹ fi 0.54 sọ ọ́ di púpọ̀, gíráàmù 108 ni kẹ́ ẹ wọ̀n. Tó bá jẹ́ gíráàmù ni wọ́n fún yín, tẹ́ ẹ sì fẹ́ mọ àyè tó máa gbà, ẹ fi 0.54 pín in. Tí wọn ò bá kọ gíráàmù sí i, ẹ gbé ike tí ẹ ò tíì ṣí sórí síkéèlì, tẹ́ ẹ bá lò ó tán ẹ fọ ike àti ìdérí ẹ̀, ẹ gbé òfìfo wọn náà sí i, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ó tán. Ìyẹn tẹ́ ẹ bá lè mú sùúrù dìgbà tẹ́ ẹ máa jẹ ẹ́ tán o, èmi ò lè mú un, mo máa ń kó o sínú abọ́ ni.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti mọ̀ tipẹ́ pé téèyàn bá fi mílílítà nìkan ta nǹkan yìí, afẹ́fẹ́ ni wọn á máa tà. Òfin ìjọba wọn ní gálọ́ọ̀nù áìsìkiriìmù kan ò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju pọ́ùn 4.5 lọ. Gálọ́ọ̀nù tiwọn jẹ́ lítà 3.785, pọ́ùn 4.5 sì jẹ́ bíi kílò 2.04, ẹ pín in, 0.54 náà ló tún jáde. Àṣé ike àkọ́kọ́ tí mo ń pariwo lé lórí yẹn ò bá tíì rú òfin wọn, etí òfin gan-an ló dúró sí, ó fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ báyìí. Òfin yẹn kan náà ló ní ọ̀rá mílíìkì inú ẹ̀ ò gbọdọ̀ dín sí ìdá 10 nínú 100.

Àmọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà yìí kan náà ló tún kó wa sí ọ̀fìn mìíràn pẹ̀lú áùnsì wọn. Áùnsì méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ ti ìwúwo, gíráàmù 28.35 ni, èkejì jẹ́ ti ohun tó ń ṣàn, mílílítà 29.57 ni ní ti wọn. Páìntì áìsìkiriìmù kan lọ́dọ̀ wọn jẹ́ áùnsì 16, ti ohun tó ń ṣàn o, ìyẹn mílílítà 473. Ẹni tí ò bá mọ̀ á gbé 16, á fi 28.35 sọ ọ́ di púpọ̀, á ní gíráàmù 454 ni, á sì fi ọwọ́ sọ̀yà. Irọ́ ni. Tó bá jẹ́ èyí tó fúyẹ́, bíi 255 ló máa wà nínú páìntì yẹn, tó bá jẹ́ èyí tó ki, bíi 425. Ti Gẹ̀ẹ́sì tún wá yàtọ̀, páìntì tiwọn jẹ́ mílílítà 568, torí náà kẹ́ ẹ tó tẹ̀lé ìwé tó bá sọ páìntì, ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tó ti wá.

Ohun kan wà lára ike Amẹ́ríkà tó wúlò ṣá. Níbi tí wọ́n ti kọ èròjà inú ẹ̀ sí, wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n tí èèyàn kan ń jẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fi kọ́ọ̀bù kọ ọ́, wọ́n á sì fi gíráàmù kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ìdajì kọ́ọ̀bù ni tẹ́lẹ̀, lọ́dún 2016 ni òfin tó sọ ọ́ di ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta kọ́ọ̀bù jáde, ìyẹn mílílítà 160. Tẹ́ ẹ bá rí gíráàmù 86 níwájú ẹ̀, ẹ mọ̀ pé èyí tó fúyẹ́ lẹ gbé yẹn. Tẹ́ ẹ bá rí 144, ó ki.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti kéèkì ni ti ẹni tí dókítà ti ní kó máa ka ṣúgà tó ń jẹ. Ní Yúróòpù, wọ́n lè kọ èròjà inú oúnjẹ sí ara ike fún gíráàmù 100 tàbí fún mílílítà 100, òfin gbà á bẹ́ẹ̀. Ká ní wọ́n kọ ọ́ sí ara ike méjèèjì mi pé ṣúgà gíráàmù 20 ló wà nínú gíráàmù 100. Ẹni náà bu mílílítà 100 jẹ, ó rò pé òun ti jẹ ṣúgà 20. Nínú èyí tó fúyẹ́, kò jẹ tó 11. Nínú èyí tó ki, ó jẹ 18. Tó bá jẹ́ ike kan ni wọ́n fi mílílítà kọ tiẹ̀, tí wọ́n fi gíráàmù kọ ti èkejì, tó wá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pé òun fẹ́ mú èyí tí ṣúgà ẹ̀ kéré, èyí tó ní afẹ́fẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi mílílítà kọ lojú ẹ̀ máa lọ sí, ó lè jẹ́ pé òun gan-an ni ṣúgà ẹ̀ pọ̀ jù tí wọ́n bá gbé méjèèjì sórí síkéèlì. Irú nǹkan báyìí ni mo retí pé kí ojú ewé ìlera yín máa kọ.

Fún àwọn tó ń ṣe tiwọn nílé, ẹ̀yin lẹ tiẹ̀ ní ànfààní jù, torí ẹ lè mọ overrun yín láìsí ẹ̀rọ kankan. Láti ọdún 1843 tí Nancy Johnson ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ áìsìkiriìmù tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ní Amẹ́ríkà ni èèyàn ti ń ro afẹ́fẹ́ mọ́ ọn nílé, ẹ̀rọ ilé kì í sì í sábà kó afẹ́fẹ́ wọlé tó ti ilé iṣẹ́ ńlá. Ẹ mú kọ́ọ̀bù kan, ẹ rọ àdàpọ̀ yín kún un kó tó dì, ẹ wọ̀n ọ́n. Tó bá dì tán, ẹ fi kún kọ́ọ̀bù yẹn kan náà láìjẹ́ kí àlàfo wà, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ká ní 275 ni àkọ́kọ́, tí ìkejì jẹ́ 200, ìwúwo kọ́ọ̀bù ò sí nínú ẹ̀ o. Ohun tó fi dín ni 75, ẹ fi 200 pín 75, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ ní ìlọ́po 100, overrun yín jẹ́ 37.5. Ọmọ mi tó ń sá fún ìṣirò ló bá mi ṣe ti ilé wa, torí ó mọ̀ pé tí ìṣirò bá ti parí, ohun tó wà nínú kọ́ọ̀bù, tòun ni.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ò pọ̀. Tó bá jẹ́ gíráàmù lẹ fẹ́ kọ, ẹ kọ gíráàmù kẹ́ ẹ fi mọ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ mílílítà ni, ẹ kọ mílílítà. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ kọ méjèèjì, kí ẹni tó ń kọ ọ́ gbé áìsìkiriìmù tó lò gan-an sórí síkéèlì, kó sọ irú èyí tó lò fún wa, kó má kàn fi "ìyẹn" so wọ́n pọ̀ bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́ àgùntàn. Ẹ sì bá mi bi í nípa ti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn yẹn: ṣé kọ́ọ̀bù ló fi wọ̀n tiẹ̀ ni àbí síkéèlì? Ṣé èyí tó ki ló lò àbí èyí tó fúyẹ́? Mo ti fọ páànù mi, ó wà lórí tábìlì, èsì yín ni mo ń dúró dè.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tí síkéèlì ẹ̀ ò bàjẹ́